Ọ̀tọ̀ ni tútù, ọ̀tọ̀ ni gbígbẹ: bí a ṣe ń ya pàǹtí ilé sọ́tọ̀

Ní ilé tí mo dàgbà sí n'Íbàdàn, a kì í da gbogbo ilẹ̀ pọ̀ sójú kan. Èèpo iṣu ń lọ sọ́dọ̀ ewúrẹ́. Eèrí ògì jẹ́ ti adìẹ. Ìgò wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ń dúró de ìyá onígò. Eérú ààrò ní agolo tirẹ̀. Ìyókù, bí ewé ẹ̀kọ àti ilẹ̀ tí a gbá láàárọ̀, ló ń lọ sí ààtàn lẹ́yìnkùlé, níbi tí ìbẹ́pẹ ti ń hù fúnra rẹ̀. Ìgbà tí ọ̀rá dúdú gbòde la bẹ̀rẹ̀ sí í kó tútù àti gbígbẹ sínú àpò kan náà, tí a ń so ó lẹ́nu, tí a ń sọ ọ́ síta.

Gbogbo ohun tí mo fẹ́ kọ́ yín níbí dúró lórí nǹkan kan: ẹ má jẹ́ kí tútù kan gbígbẹ. Bébà tí ọbẹ̀ ti ta sí, kò sẹ́ni tó máa gbà á lọ́wọ́ yín. Rọ́bà tí tòmátì ti jẹrà mọ́ lára, ẹni tó ń ṣa rọ́bà á fò ó kọjá. Èèpo iṣu tí ìgò fífọ́ ti bọ́ sí kò ṣeé fún ewúrẹ́, kò sì ṣeé kó sóko. Kí wọ́n tó pàdé nínú ọ̀rá, kò sí èyí tí kò wúlò fún ẹnì kan nínú wọn.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí ẹ ń dà nù

Fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ tẹ́ àpò ìrẹsì sílẹ̀ lálaalẹ́, kí ẹ da ilẹ̀ ọjọ́ náà sórí rẹ̀. Ẹ fi ọ̀rá wọ ọwọ́, kí ẹ fi igi tú u ká, kí ẹ sì pín in sí òkìtì òkìtì: èèpo àti oúnjẹ, rọ́bà àti ọ̀rá, bébà àti páálí, agolo àti ìgò, páḿpásì, àti ohun tí ẹ kò mọ ibi tí ẹ máa fi sí. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Nílé mi, nínú garawa 10 tí a kó jọ lọ́sẹ̀ yẹn, ó lé ní 6 tó jẹ́ èèpo, ewé àti oúnjẹ tó ṣẹ́kù. Ó yà mí lẹ́nu, nítorí rọ́bà ni mo rò pé ó pọ̀ jù. Ilé tó ń ra oúnjẹ síta lójoojúmọ́ á rí nǹkan mìíràn, abọ́ àti ọ̀rá ló máa kún inú tiwọn. Ẹ má fo ìgbésẹ̀ yìí, torí òun ló máa sọ fún yín bí garawa èèpo yín ṣe gbọ́dọ̀ tóbi tó.

Ìgbésẹ̀ kejì: ohun ìkólẹ̀sí mẹ́ta

Àwọn ará wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù máa ń sọ̀rọ̀ nípa ike ìdalẹ̀sí aláwọ̀ oríṣiríṣi. Tiwọn rí bẹ́ẹ̀ torí pé ọkọ̀ kánsù ń wá kó ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́jọ́ tirẹ̀. Níbi tí ọkọ̀ kan ṣoṣo bá ti ń kó gbogbo rẹ̀, ohun mẹ́ta tó.

Àkọ́kọ́ ni ike ọ̀dà àlòkù tó ní ọmọrí, tí ẹ máa gbé sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí ẹ ti ń bẹ iṣu. Tútù ni tirẹ̀. Kó kéré, kí ẹ lè máa dà á lójoojúmọ́. Ike tútù tó bá lo ọjọ́ mẹ́ta á ti ní ìdin. Ìkejì ni àpò ìrẹsì kan tí ẹ fi ìṣó kọ́ sára ògiri, níbi tí òjò kò dé. Gbígbẹ ni tirẹ̀. Ìkẹta ni kẹ́ẹ̀gì ike líle tó ní ìdérí, tí ẹ gbé sókè níbi tí ọwọ́ ọmọdé kò tó. Ohun tó lè pa èèyàn lára ló ń lọ síbẹ̀, a ó sì padà sórí rẹ̀. Ohun tí kò bá wọ inú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òun ni pàǹtí gan-an, ẹ ó sì rí i pé kò pọ̀.

Ẹ má kọ nǹkan sára wọn lásán. Ẹ so èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ kan mọ́ ike tútù, kí ẹ so ìdérí rọ́bà mọ́ àpò gbígbẹ. Ọmọ tí kò tíì mọ̀wé á mọ ibi tó yẹ kó ju nǹkan sí.

Ìgbésẹ̀ kẹta: kí tútù padà di ilẹ̀

Kí èèpo tó dé ààtàn, ẹ wò ó bóyá ẹnu kan wà tó lè jẹ ẹ́. Èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ̀fọ́ tó ti rọ àti eèrí ògì jẹ́ ti ewúrẹ́, àgùntàn àti adìẹ. Bí ẹ kò bá sin ẹran, aládùúgbò yín kan ń sìn ín. Èèpo ẹ̀gẹ́ ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Májèlé sáyánáìdì wà nínú ẹ̀gẹ́ tútù, inú èèpo ló sì pọ̀ sí jù. Ẹran tó bá jẹ ẹ́ yó ní tútù lè kú. Ẹ sá a sóòrùn títí yóò fi gbẹ táútáú. Àwọn olùwádìí ILRI, ilé-iṣẹ́ ìwádìí nípa ẹran ọ̀sìn, tó wà nínú ọgbà IITA, ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ n'Íbàdàn, tún ti fi ọ̀nà kan hàn tí kò jìnnà sí ti gàrí: a ó rin èèpo náà, a ó fún omi ara rẹ̀, a ó sì sá a, yóò di oúnjẹ ẹran kó tó pẹ́.

Ìyókù di ti ààtàn. Ààtàn tí mo ń sọ kì í ṣe òkìtì tó ń rùn lẹ́bàá ọ̀nà. Kòkòrò tín-tìn-tín tí ojú kò lè rí ló ń sọ èèpo di ilẹ̀dú, afẹ́fẹ́ àti omi díẹ̀ ni wọ́n sì nílò, pẹ̀lú oúnjẹ oríṣi méjì. Ọ̀kan ni tútù tó ti inú ilé ìdáná wá. Èkejì ni gbígbẹ tó lè jẹrà, kì í ṣe rọ́bà tàbí agolo: ewé tó wọ́ sílẹ̀, háhá àgbàdo, ìyẹ̀fun pákó láti ọ̀dọ̀ káfíńtà, páálí tí a fà ya wẹ́wẹ́. Bí ẹ bá da garawa tútù 1, ẹ da garawa gbígbẹ 2 lé e lórí. Ìwọ̀n yìí ni kí ẹ há sórí, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà.

Èmi náà ṣìnà níbẹ̀. Òkìtì mi àkọ́kọ́ rùn débi tí àwọn ará ilé fi pè mí jókòó. Èèpo nìkan ni mo ń dà sí i, òjò sì ń rọ̀ sí i lórí. Omi ti lé afẹ́fẹ́ jáde, àwọn kòkòrò tó ń mí ti kú, àwọn tí kò nílò afẹ́fẹ́ ti gba ipò wọn, àwọn yẹn ló sì ń mú òórùn ẹyin tó ti bàjẹ́ wá. Mo tú u ká, mo po àpò ewé máńgòrò gbígbẹ mẹ́ta mọ́ ọn, mo fi ògbólógbòó páànù bò ó. Kó tó di ọjọ́ kẹrin, òórùn náà ti lọ.

Bí ẹ ó ṣe kọ́ ọ nìyí. Bí ẹ bá ní ilẹ̀, ẹ fi pákó tàbí búlọ́ọ̀kù yí ibì kan ká tó fẹ̀ tó mítà 1 níbùú àti lóròó, kó sì ga tó bẹ́ẹ̀. Èyí tó bá kéré sí i kì í gbóná dáadáa. Bí ilẹ̀ kò bá sí, dúrọ́ọ̀mù ike àlòkù tó, bó bá ṣe pé oúnjẹ tàbí omi ni wọ́n fi gbé tẹ́lẹ̀, kì í ṣe kẹ́míkà. Ẹ lu ihò tó fẹ̀ bí ìka sí ìdí àti ara rẹ̀ yíká. Ẹ gbé e sórí ilẹ̀ gan-an, kì í ṣe sórí sìmẹ́ǹtì, kí ekòló lè gòkè wá. Kó wà lábẹ́ igi, kó sì jìnnà sí kànga.

Ẹ to ẹ̀ka igi wẹ́wẹ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè gba abẹ́ wọlé. Ẹ bu ewé gbígbẹ lé e, kí ẹ wá da tútù, kí ẹ wọ́n ẹ̀kúnwọ́ ilẹ̀dú àtijọ́ tàbí ìgbẹ́ ewúrẹ́ sí i, torí pé inú ìwọ̀nyẹn ni àwọn kòkòrò tó máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ wà. Lẹ́yìn náà, ìgbàkígbà tí ẹ bá da ike ilé ìdáná sí i, ẹ fi gbígbẹ bò ó títí ẹ kò fi ní rí èèpo kankan mọ́. Eṣinṣin kì í ríbi bà lórí ohun tí a bò mọ́lẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀, ẹ fi ṣọ́bìrì yí i, kí tòkè lọ sísàlẹ̀, kí ti ẹ̀gbẹ́ bọ́ sáàárín. Nígbà tí ẹ bá ń yí i, ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan, kí ẹ fún un. Bí omi bá kán lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, ó dára. Bó bá ń ṣàn, ẹ fi gbígbẹ kún un. Bó bá fọ́ sílẹ̀ bí ìyẹ̀fun, ẹ wọ́n omi sí i. Ẹ tún lè ki irin gígùn kan bọ àárín rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5. Bẹ́ ẹ bá fà á yọ tó gbóná mọ́ yín lọ́wọ́, iṣẹ́ ń lọ. Òkìtì tó dáa máa ń gbóná kọjá 55°C, ooru yẹn ló sì ń pa èso koríko àti àwọn kòkòrò àrùn tó wà nínú rẹ̀.

Ẹran, ẹja, eegun, ọbẹ̀ olóròóró, ìgbẹ́ ajá àti ti ológbò kò gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀. Eku ni wọ́n ń pè, ìgbẹ́ sì ń kó aràn wá. Eegun àti ìfun ẹja ni mo máa ń gbẹ́ ilẹ̀ fún, tó jìn tó ìgbọ̀nwọ́ kan, lábẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀. Eérú igi dára, ẹ wọ́n díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n eérú ibi tí a ti sun ọ̀rá tàbí rọ́bà kò gbọ́dọ̀ dé ibi tí oúnjẹ ń hù sí. Òróró tí ẹ ti fi dín nǹkan tó ti dúdú, ẹ má dà á sí gọ́tà, á dì mọ́ ọ̀nà omi. Ẹ jẹ́ kí ìyẹ̀fun pákó fà á mu, kí ẹ kó o mọ́ pàǹtí, tàbí kí ẹ fún ẹni tó ń se ọṣẹ.

Ní oṣù 2 sí 4, ó ti dúdú, ó ń tú lọ́wọ́, ó sì ń rùn bí ilẹ̀ tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ sí. Ẹ fi ajọ̀ jọ̀ ọ́, kí ẹ da wóró wóró tó kù padà sí òkìtì tuntun. Ìwọ̀n 1 nínú rẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀n ilẹ̀ 2 tàbí 3 nínú àpò sìmẹ́ǹtì, ewédú, tẹ̀tẹ̀ àti ata rodo á ṣe dáadáa níbẹ̀, àní nílé tí kò ní ju bákónì lọ.

Ìdí tí mo fi pẹ́ lórí tútù nìyí: èèpo tí a so sínú ọ̀rá, tí wọ́n lọ rì mọ́ abẹ́ òkìtì ńlá níbi tí afẹ́fẹ́ kò dé, ń di gáàsì tí wọ́n ń pè ní mẹ́táànì. Mẹ́táànì ń mú kí ayé gbóná ju káríbọ́ọ̀nù dayọ́sáìdì lọ ní ìlọ́po tó lé ní 25, ó sì máa ń gbiná. Ẹni tó wà ní Ọ̀jọ́ta l'Ékòó lóṣù Kẹta ọdún 2018 á rántí bí ààtàn Olúṣósùn ṣe jó, tí èéfín gba àdúgbò.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: gbígbẹ

Ẹ lo omi tí ẹ fi fọ abọ́ kẹ́yìn láti ṣan rọ́bà àti agolo. Kò yẹ kí ẹ fi omi mímu ṣe é. Ẹ jẹ́ kó gbẹ kó tó wọ àpò. Ẹ ṣí ìdérí rọ́bà, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ. Àpò tó gba 40 tẹ́lẹ̀ á gba ju 100 lọ.

Ẹ yí rọ́bà dojú dé, ẹ ó rí onígun mẹ́ta kékeré kan pẹ̀lú nọ́ńbà láàárín rẹ̀. Nọ́ńbà 1 ni rọ́bà omi àti ti mínírà. 2 ni kẹ́ẹ̀gì epo àti rọ́bà ọṣẹ olómi. 4 ni ọ̀rá omi àti ọ̀pọ̀ ọ̀rá. 5 ni abọ́ tó lágbára bí ti áísìkiriìmù, àti ọ̀pọ̀ àga ike. 1 àti 2 ni àwọn tó ń rà á ń wá jù. 3, tí wọ́n fi ń ṣe páìpù omi, àti 6, abọ́ fóòmù funfun tí wọ́n ń di ìrẹsì sí, ṣòroó tà, ohun tó sì yẹ ni kí ẹ má jẹ́ kí wọ́n wọlé rárá. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti fòfin de abọ́ fóòmù náà láti oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2024. Ẹ gbé abọ́ ilé yín lọ bá ìyá olónjẹ, bí àwọn ìyá wa ti ń ṣe. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ se mọ́ínmọ́ín, ewé eéran kò lọ́gbà: lẹ́yìn oúnjẹ, ó di ti ààtàn, ọ̀rá kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ láé.

Ọ̀rá omi: ẹ gbọn omi inú rẹ̀ dànù, ẹ sá a sórí okùn, ẹ kó o sínú ọ̀rá ńlá kan. Agolo: ẹ yọ mágínẹ́ẹ̀tì lára sìpíkà tó ti bàjẹ́. Èyí tó bá lẹ̀ mọ́ ọn jẹ́ irin. Èyí tí kò lẹ̀, bí agolo mínírà, jẹ́ álúmíníọ́ọ̀mù, owó rẹ̀ sì jù. Ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀ kí ẹni tó ń rà á má baà fi owó irin ra méjèèjì. Ìgò tó wà lódindi jẹ́ ti ìyá onígò, tàbí ti ẹni tó ń ta ẹ̀pà, oyin tàbí epo. Ìgò fífọ́, ẹ kó o sínú agolo, kí ẹ tẹ ẹnu agolo náà pọ̀. Ọwọ́ ènìyàn ló ń tú àpò yín níwájú, ẹ rántí rẹ̀. Bébà àti páálí tó mọ́, ẹ so wọ́n. Èyí tí epo ti bà jẹ́ díẹ̀ tàbí tó ti rin, ẹ fà á ya sí ààtàn.

Àwọn tó ń ra irin àti rọ́bà ń kọjá ládùúgbò, wọ́n sì ń ké. Ẹ wá ẹnì kan, kí ẹ bá a dá ọjọ́. L'Ékòó, ilé-iṣẹ́ Wecyclers tí Bilikiss Adebiyi-Abiola dá sílẹ̀ lọ́dún 2012 bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́rù tó ń lọ láti ilé dé ilé, tó ń wọn ohun tí ìdílé kó jọ, tó sì ń fún wọn ní máàkì tí wọ́n fi ń gba ẹ̀bùn. Ní Ajégúnlẹ̀, Morit International School ti gba rọ́bà lọ́wọ́ òbí ní ipò owó ilé-ìwé.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: kẹ́ẹ̀gì tó wà lókè

Bátìrì tọ́ọ̀ṣì, bátìrì fóònù, gílóòbù, abẹ́rẹ́, bíléèdì, oògùn tó ti kọjá àkókò. Abẹ́rẹ́ ẹni tó ní àtọ̀gbẹ gbọ́dọ̀ wọ inú ike líle lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tó bá ti lò ó, kí ẹ sì dé e pa. Ẹ béèrè ní ọsibítù bóyá wọ́n á gbà á. Oògùn àlòkù, ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́dọ̀ apoògùn bóyá ó máa gbà á. Bí kò bá gbà á, ẹ yọ ọ́ nínú páálí, kí ẹ po ó mọ́ eérú tàbí ilẹ̀ nínú ọ̀rá, kí ẹ so ó, kí ẹ sì fi bírò pa orúkọ tó wà lára ìgò rẹ́. Ẹ má dà á sí ṣáláńgá. Gílóòbù gígùn funfun ní mẹ́kúrì nínú. Ẹ má fọ́ ọ. Bátìrì fóònù tó bá wú, ẹ fi iyanrìn bò ó nínú agolo níta. Agolo oògùn ẹ̀fọn kò gbọ́dọ̀ rí iná, á bú.

Bátìrì mọ́tò àti ti ínfátà ni mo bẹ̀ yín lé lórí jù lọ. Òjé wà nínú rẹ̀, ásíìdì sì wà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ́ ọ nínú ọgbà yín, torí pé òjé ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́, kì í sì í fi ilẹ̀ sílẹ̀ bọ̀rọ̀. Ní odindi ni kí ẹ tà á. Bákan náà ni wáyà: ẹni tó bá ń sun ún láti yọ bàbà rẹ̀, ó ń fọ́n májèlé sínú imú gbogbo àdúgbò.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ìyókù

Páḿpásì, páàdì nǹkan oṣù, ọ̀rá tó ti bàjẹ́ kọjá fífọ̀, àjákù bàtà. Ẹ da ìgbẹ́ inú páḿpásì sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kí ẹ tó ká a, kí ẹ so ó. Ẹ lè lo ìlédìí aṣọ lọ́sàn-án, kí ẹ fi páḿpásì sílẹ̀ fún òru àti ìrìnàjò. Ìyẹn nìkan á dín in kù sí ìdajì.

Ẹ má sun ún. Ọ̀rá àti rọ́bà tó bá jó ń tú èéfín tó ń ba àyà ọmọdé jẹ́, èyí tó jẹ́ páìpù tún ń tú májèlé dayọ́síìnì. Ẹ má sì dà á sí gọ́tà nígbà tí òjò bá ń ṣú. Ní ọjọ́ 31, oṣù Kẹjọ, ọdún 1980, odò Ògùnpa kún bo Ìbàdàn. Òjò ló pọ̀, ṣùgbọ́n pàǹtí tó ti dí odò náà kò jẹ́ kí omi ríbi gbà. Ní ọjọ́ 26, oṣù Kẹjọ, ọdún 2011, omi tún gba ìlú náà, ó sì lé ní 100 ènìyàn tó kú. Agolo àti táyà tó wà níta náà ń gba omi òjò, tanwíjí, ọmọ ẹ̀fọn, sì ń wà nínú rẹ̀. Ohun tí àwọn wolé-wolé ń torí rẹ̀ yẹ àmù wò láyé ìgbà yẹn nìyẹn. Ẹ dojú wọn dé.

Ẹ gbé pàǹtí síta ní àárọ̀ ọjọ́ tí ọkọ̀ ń bọ̀, kì í ṣe ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, torí ajá. Bó bá jẹ́ ọlọ́mọlanke ni ẹ fẹ́ gbé e fún, ẹ bi í ní ibi tó ń dà á sí. Bí kò bá rí ibì kan dárúkọ, etí odò ló ń lọ.

Nílé tí ayálégbé pọ̀ sí

Nílé wa, ojúlé mẹ́jọ la jẹ́. N kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìpàdé. Tèmi nìkan ni mo ń ṣe fún oṣù méjì, títí màmá tó ń gbé yàrá ìkángun fi bi mí pé, "Ọmọ mi, kí lo ń fi èèpo yẹn ṣe?" Mo fún un ní ewédú. Láti ọjọ́ kejì ni màmá ti ń gbé èèpo tirẹ̀ wá, nígbà tí àgbà bá sì ti ń ṣe é, ó rọrùn láti bá àwọn tó kù sọ ọ́. Ibi tí ìjà ti máa ń dé ni owó rọ́bà. Ẹ tètè fẹnu kò lé e lórí kí àpò àkọ́kọ́ tó kún. Tiwa, ìgbálẹ̀ àti gílóòbù ọ̀dẹ̀dẹ̀ la ń fi rà, ojúlé kọ̀ọ̀kan sì ń yí òkìtì fún ọ̀sẹ̀ kan. Orúkọ ẹni tó kàn wà lára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ọjọ́ tí ọkọ̀ ń bọ̀ sì wà lábẹ́ rẹ̀.